Bá a ṣe ń ṣírò ọjọ́ orí èèyàn dórí ọjọ́, kí wọ́n má baà dá bánà padà fún yín

Bánà kan ṣoṣo ló sọ mí di ẹni tó ń ṣírò ọjọ́ orí káàkiri. Mo ń tẹ nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù mi níbí n'Ìbàdàn, bánà ọjọ́ ìbí, bánà òkú, jọ́tà, kọ́ọ̀pù tí wọ́n ń lẹ fọ́tò mọ́ lára, gbogbo ẹ̀ náà ni. Lọ́dún 2022, bọ̀dá kan wọlé, ó ní Màmá àwọn ti wọ ọgọ́rin, àwọn fẹ́ ṣe é fún wọn dáadáa, kí n bá àwọn tẹ bánà ńlá kan pẹ̀lú jọ́tà igba. Èmi náà ò bi í léèrè ohunkóhun, mo kọ "80" gàdàgbà, mo fi góòlù yí i ká, mo gba àsansílẹ̀ mi. Ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe páátì ni ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó ti Èkó dé rí bánà, ló bá figbe ta, ó ní ta ló sọ pé Màmá ti pé ọgọ́rin. Wọ́n gbé ìwé ìrìbọmi jáde, 17 Épírì 1943 ló wà níbẹ̀. Ọdún 79 ni Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pé.

Bọ̀dá yẹn ò sì parọ́ o. Ẹni tó bá pé 79 ti wọ ọgọ́rin lóòótọ́. Èmi ni mo gbọ́ "wọ" tí mo kọ "pé". Àpò mi ni owó bánà kejì ti jáde, jọ́tà igba yẹn sì padà sọ́wọ́ mi, ẹ̀yìn wọn ni mo wá ń ṣe ìṣírò lé.

Torí náà kẹ́ ẹ tó mú bírò, ẹ kọ́kọ́ yanjú pé àti wọ. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tí wọ́n bí ní Mọ́ńdè, Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ, bẹ́ẹ̀ òru méje péré ló wà láàárín. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún, tẹ́ ẹ bá fi kaléńdà wò ó, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń bọ́ sí. Bákan náà lọjọ́ orí, ọjọ́ tí wọ́n bí èèyàn ló ti wọ ọdún kìíní, tó bá ṣe bọ́dè àkọ́kọ́ ó pé ọdún kan, ó sì wọ ọdún kejì lójú ẹsẹ̀. Ìwé ìjọba, fóònù, bánà, "pé" ni gbogbo wọn ń lò. Tẹ́nì kan bá ní òun ti wọ àádọ́ta, ẹ yọ ọ̀kan, tó bá ní òun pé àádọ́ta, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó bá ní òun lé ní àádọ́ta, ẹ gbé àga fún un kó jókòó torí àlàyé pọ̀ ńbẹ̀. Àwọn míì tiẹ̀ máa ń da wọ àti pé pọ̀, ẹ ṣáà rí i pé ẹ béèrè ọdún tí wọ́n bí i gan-an.

Ọdún nìkan ò le. Ẹ yọ ọdún ìbí kúrò nínú ọdún tá a wà, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti kọjá lọ́dún yìí. Tí ò bá tíì kọjá ẹ yọ ọ̀kan sí i. Ó parí.

Ibi tó ti ń gba ọpọlọ ni ọdún, oṣù àti ọjọ́ pa pọ̀, èyí tí wọ́n sì ń fẹ́ lórí bánà òkú nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe é. Wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 6 Máàṣì 1909, wọ́n kú ní 9 Méè 1987. Ẹ kọ ọjọ́ ikú sókè, ẹ kọ ọjọ́ ìbí sísàlẹ̀, ọjọ́ lábẹ́ ọjọ́, oṣù lábẹ́ oṣù, kẹ́ ẹ wá yọ ọ́ látorí ọjọ́: 9 yọ 6 ku 3, oṣù karùn-ún yọ oṣù kẹta ku 2, 1987 yọ 1909 ku 78. Ọdún 78, oṣù 2, ọjọ́ 3. Ìyẹn rọrùn torí nọ́ńbà òkè pọ̀ ju tìsàlẹ̀ lọ níbi gbogbo.

Ti Fẹlá ò rí bẹ́ẹ̀. 15 Ọkitóbà 1938 ni wọ́n bí i, ó kú ní 2 Ọ́gọ́ọ̀sì 1997. 2 ò ṣeé yọ 15, àfi ká yá oṣù kan. Èwo la máa yá? Oṣù tó ṣáájú oṣù ikú ni, ìyẹn Júláì, Júláì sì ní ọjọ́ 31, torí náà 2 di 33, 33 yọ 15 ku 18. Oṣù wá ku 7 torí a ti yá ọ̀kan níbẹ̀, 7 ò ṣeé yọ 10, ẹ yá ọdún kan, oṣù 12 wọlé, 19 yọ 10 ku 9. Ọdún ti di 1996, yọ 1938, ku 58. Fẹlá lo ọdún 58, oṣù 9, ọjọ́ 18. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kéèyàn máa yá ọjọ́ 30 ní gbogbo ìgbà bíi pé gbogbo oṣù ló rí bákan náà, bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ Máàṣì lẹni náà kú, Fẹ́búárì lẹ máa yá, ọjọ́ 28 sì ni tàbí 29.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ mọ iye ọjọ́ lápapọ̀, ẹ ṣe ọdún tó pé lọ́nà 365, kẹ́ ẹ wá fi iye 29 Fẹ́búárì tó wà láàárín kún un. Ọdún tó bá ṣeé pín sí mẹ́rin ló máa ń ní 29 Fẹ́búárì, àyàfi ọdún tó bá parí sí 00, ìyẹn gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí 400, ìdí nìyẹn tí 2000 fi ní in tí 1900 ò sì ní in. Ti Fẹlá: 58 lọ́nà 365 jẹ́ 21,170, láti 1940 dé 1996 ẹ máa rí 29 Fẹ́búárì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di 21,185. Ó wá ku láti 15 Ọkitóbà 1996 dé 2 Ọ́gọ́ọ̀sì 1997, ìyẹn ọjọ́ 291, ẹ kà á lórí kaléńdà tẹ́ ẹ ò bá gbà mí gbọ́. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 21,476.

Nọ́ńbà yẹn ni mo kọ sẹ́yìn jọ́tà lálẹ́ ọjọ́ kan tí NEPA mú iná lọ, kò síṣẹ́, mo kàn ń ṣeré. Mo pín in sí 7, kò ku nǹkan kan. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tí wọ́n bí i nínú ọ̀sẹ̀ náà ló kú, Sátidé sí Sátidé. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ n wo Awólọ́wọ̀. Ọjọ́ 28,553, ẹ pín in sí 7, kò ku nǹkan kan, Sátidé sí Sátidé lòun náà! Mo wá mú MKO Abíọ́lá, 24 Ọ́gọ́ọ̀sì 1937 sí 7 Júláì 1998, ọdún 60, oṣù 10, ọjọ́ 13, lápapọ̀ ọjọ́ 22,232. Túsìdeè sí Túsìdeè. Orí mi wú. Mi ò sọ pé ó ní ìtumọ̀ o, nínú èèyàn méje méje ó yẹ kẹ́ ẹ rí ẹnì kan bẹ́ẹ̀, àmọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn yẹn, mo lọ tan àbẹ́là kejì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí èèyàn láìsí kaléńdà rèé. Oṣù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbì kan: Jánúárì 0, Fẹ́búárì 3, Máàṣì 3, Épírì 6, Méè 1, Júùnù 4, Júláì 6, Ọ́gọ́ọ̀sì 2, Sẹ̀tẹ́ńbà 5, Ọkitóbà 0, Nòfẹ́ńbà 3, Dìsẹ́ńbà 5. Ẹ mú nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn ọdún, ẹ fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kún un (ẹ sọ èyí tó bá ṣẹ́kù nù), ẹ fi nọ́ńbà oṣù kún un, ẹ fi ọjọ́ kún un, kẹ́ ẹ wá pín gbogbo ẹ̀ sí 7. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni ọjọ́ yín: 0 ni Sọ́ńdè, 1 ni Mọ́ńdè, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 6 tó jẹ́ Sátidé. Ẹni tí wọ́n bá bí ní ọdún 2000 sókè, ẹ yọ 1 kẹ́ ẹ tó pín in. Tó bá sì jẹ́ Jánúárì tàbí Fẹ́búárì ọdún tó ní 29 Fẹ́búárì, ẹ tún yọ 1. Ọjọ́ òmìnira, 1 Ọkitóbà 1960: 60, ìdá mẹ́rin rẹ̀ 15, oṣù 0, ọjọ́ 1, ó jẹ́ 76, pín in sí 7, ó ku 6. Sátidé. June 12 ti 1993 ńkọ́? 93, 23, 4, 12, àpapọ̀ 132, ó ku 6, Sátidé náà ni. Wọlé Ṣóyínká, 13 Júláì 1934, ẹ ṣe é fúnra yín, Fúráìdé lẹ máa bá, Fúráìdé ọjọ́ kẹtàlá táwọn òyìnbó ń sá fún, ẹni ọ̀hún ló sì gba Nobel.

Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ dúró lórí méje nìkan, torí ọ̀sẹ̀ tiwa ọjọ́ mẹ́rin ni: ọjọ́ Ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ ti Ọbàtálá, ọjọ́ Awo tó jẹ́ ti Ifá, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta tó jẹ́ ti Ṣàngó. Ẹ béèrè lọ́wọ́ babaláwo tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ládùúgbò yín ọjọ́ tí òní jẹ́, ẹ ka iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ti lò láyé, ẹ pín in sí 4. Tí ò bá ku nǹkan kan, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí yín. Tó bá ku 1, ẹ padà sẹ́yìn lọ́jọ́ kan, tó bá ku 2, ọjọ́ méjì. Bí àpẹẹrẹ, tí òní bá jẹ́ ọjọ́ Ògún tó sì ku 1, ọjọ́ Awo ni wọ́n bí yín. Ẹ má fi ọjọ́ òní kún un bá a ṣe máa ń ṣe lẹ́nu o, ìyọkúrò kaléńdà ni kẹ́ ẹ lò. Ó dáa, ẹ padà wá mú 21,476 Fẹlá, ẹ pín in sí 4. Kò ku nǹkan kan. Ẹ mú 22,232 Abíọ́lá. Kò ku nǹkan kan! Àwọn méjèèjì bọ́ sí ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ òyìnbó àti nínú ọ̀sẹ̀ Yorùbá. Ti Awólọ́wọ̀ ku 1.

Tí ìṣírò bá ti sú yín, fóònù máa ṣe é. Ẹ ṣí Google Sheets tàbí Excel, ẹ fi ọjọ́ ìbí sí A1, ẹ kọ =DATEDIF(A1,TODAY(),"Y") fún ọdún, ẹ pààrọ̀ "Y" sí "YM" fún oṣù tó lé, "MD" fún ọjọ́ tó lé. =TODAY()-A1 máa fún yín ní iye ọjọ́, tó bá gbé e jáde bíi déètì ẹ yí i sí nọ́ńbà. =TEXT(A1,"dddd") máa sọ ọjọ́ ọ̀sẹ̀. Ẹ kàn ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Excel ò gba ọjọ́ tó ṣáájú 1900, ó sì gbà pé 1900 ní 29 Fẹ́búárì, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Èkejì ló ti bá mi fínra: tí sheet yín bá wà lórí ètò Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ bá kọ 4/9 pẹ̀lú èrò pé 4 Sẹ̀tẹ́ńbà ni, 9 Épírì ló máa kà á sí. Mo ní lísìtì àwọn oníbàárà tí mo máa ń kí, mo fi ire ọjọ́ ìbí ránṣẹ́ sí ìyá oníbàárà mi kan ní Épírì, wọ́n pè mí, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ máa gbé ọjọ́ orí wọn sáré ni. Látìgbà yẹn ọ̀rọ̀ ni mo fi ń kọ oṣù, mi ò fi nọ́ńbà kọ ọ́ mọ́.

Gbogbo èyí wúlò tẹ́ ẹ bá mọ ọjọ́ ìbí. Àwọn àgbàlagbà tí ò ní ìwé kankan ńkọ́? Ibí yìí ló ń dùn mọ́ mi jù, ó sì gba sùúrù. Ẹ má bi Bàbá pé "ọdún wo ni wọ́n bí yín," wọ́n máa ní àwọn ò mọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ bi wọ́n nípa ohun tí wọ́n fojú rí, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe tó nígbà náà. Ṣé wọ́n ti ń lọ síléèwé nígbà tí ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Jánúárì 1955? Tí wọ́n bá jẹ́ ara àwọn àkọ́kọ́ yẹn, ẹ bi wọ́n bóyá ọwọ́ wọn kan etí. Ẹ rántí pé nígbà náà wọ́n máa ń ní kí ọmọ gbé apá gba orí kọjá kó fi di etí òdì kejì mú, tí ò bá kàn án, ó padà sílé. Ọmọ bí ọdún mẹ́fà lọwọ́ ẹ̀ ń kàn án, torí náà ẹ wo nǹkan bíi 1948 tàbí 1949. Kẹ́ ẹ wá fi òmíì dán an wò: lọ́dún 1956 tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà, ṣé wọ́n wà lára àwọn ọmọ iléèwé tó ń ju àsíá? Nígbà wẹ́tìẹ́, ìyẹn rògbòdìyàn òṣèlú ilẹ̀ Yorùbá, 1965 sí 1966, ṣé wọ́n ti láya? Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní 1970? Ọjọ́ tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún, 2 Épírì 1972, Sọ́ńdè ni. Ìgbà tí náírà dé, Jánúárì 1973. FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn èèyàn dúdú, 1977. Bàbá kan tí mo ṣe tiẹ̀ ò rántí nǹkan kan àfi pé ọjọ́ tí náírà dé, ìyàwó òun lóyún àkọ́bí, ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, torí àkọ́bí ní sátífíkéètì.

Orúkọ náà ń sọ̀rọ̀. Babátúndé, bàbá àgbà rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i, ẹ lọ wo déètì tó wà lórí sàréè. Ìdòwú, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n bí àwọn ìbejì tó ṣáájú rẹ̀. Jímọ̀, Fúráìdé ni. Abíọ́dún, ọdún ni, àmọ́ ẹ bi wọ́n ọdún wo, Iléyá ni àbí Kérésì àbí ọdún Egúngún, torí Iléyá ò dúró sójú kan. Béjídé, òjò ń rọ̀, ẹ má fi déètì rẹ̀ sí àárín ọyẹ́. Ìwé ìrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì dára gan-an, àwọn tó jọ wà lẹ́gbẹ́ kan náà ládùúgbò náà wúlò, ẹnì kan lára wọn máa ń ní ìwé. Tẹ́ ẹ bá rí ọdún tẹ́ ò rí oṣù, ẹ má kàn já 1 Jánúárì lé e nítorí pé ó rọrùn, torí ó máa wọ NIN, ó máa wọ páspọ́ọ̀tù, òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa fẹ̀yìn tì ní 60 (àbí tó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé) á sì máa fi déètì yẹn jà títí.

Àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n máa ń bi mí rèé. Ẹni tí wọ́n bí ní 29 Fẹ́búárì, tó bá fẹ́ kó ṣe é ní 28, tó bá fẹ́ kó dúró di 1 Máàṣì, ṣùgbọ́n DATEDIF ò ní fún un lọ́dún tuntun àfi ní 1 Máàṣì. Ìbejì tí Táíwò dé ní aago mọ́kànlá kọjá ààbọ̀ alẹ́ 31 Dìsẹ́ńbà tí Kẹ́hìndé sì dé lẹ́yìn agogo méjìlá, ọdún ìbí wọn yàtọ̀ lórí ìwé, Kẹ́hìndé á jẹ́ àbúrò lójú ìjọba, nílé wa òun náà ló ṣì jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ọdún Hijira jẹ́ ọjọ́ 354 tàbí 355, ẹni tó bá pé 60 lórí kaléńdà ògiri ti ń sún mọ́ 62 lọ́dọ̀ Alfa. Ẹ máa pé ọjọ́ 10,000 láyé nígbà tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ ọdún 27 àti bí oṣù mẹ́rin ààbọ̀, mo ti tẹ bánà ìyẹn fún ọmọ yunifásítì kan rí. Tí èèyàn 23 bá wà nínú yàrá kan, ó ju ìdajì lọ pé méjì nínú wọn ní ọjọ́ ìbí kan náà, tí wọ́n bá tó 50 ó tó 97 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ lọ dán an wò ní kíláàsì kẹ́ ẹ tó máa bá mi jiyàn.

Tẹ́ ẹ bá pé 28, 56 àti 84, ọjọ́ ìbí yín máa bọ́ sí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kan náà tí wọ́n bí yín, torí ọdún mẹ́rin mẹ́rin ti 29 Fẹ́búárì àti ọjọ́ méje ọ̀sẹ̀ ló pàdé ní 28. Kò ní yẹ̀ títí di 2099, 2100 ló máa da ìyẹn rú.

Èyí ni mo sọ fún bọ̀dá bánà nígbà tó padà wá ní 2023 tí Màmá wá pé ọgọ́rin tòótọ́. Ó bi mí nípa jọ́tà. Mo ti fi mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe ìṣírò, mo ta 169 tó kù fún un ní ìdajì owó, a fi sítíkà bo ọdún tó wà lára wọn. Mo ní Sátidé ni wọ́n bí Màmá, 84 wọn ní 17 Épírì 2027, Sátidé náà ló máa jẹ́, wọn ò ní sún páátì síwájú tàbí sẹ́yìn. Ó ní kí n yáa kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì dúró tì mí títí mo fi kọ ọ́: Màmá PÉ 84.